Omi Àlùwàlá Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé oníbìínú ni mí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé obìnrin jẹ́jẹ́ kan ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ní ọjà Kantamanto ní Accra, níbi tí mo ti ń ta òkìrìkà aṣọ ọmọdé tí wọ́n ń tú láti inú bélì, àwọn aláàárù máa ń yà fún mi kí n tó ní kí wọ́n yà. Àwọn tá a jọ wà ní ìlà kan náà a máa sọ fún oníbàárà pé, "Bá Alata yẹn sọ̀rọ̀ dáadáa o." Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Òun náà kì í gba ìgbàkugbà. Nítorí náà, tí mo bá ní mo rí ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́dọ̀ Jésù, ẹ má rò pé wọ́n bí i mọ́ mi ni. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe lára mi, mo sì ń fi í yangàn títí dòní.

Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi. Ìwó ni bàbá mi ti wá sí Accra nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Darkuman, níbi tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan síwájú ilé, tó ń ta ọṣẹ, ṣúgà, mílíìkì àti sàdíìnì. Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé kà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń se kókó, ìyẹn ògì. Nígbà tí mo lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún, ìyá mi kú, ibì kan sì ṣófo nínú mi tí mi ò lè fi ọjà dí, tí mi ò lè fi ìjà dí. Obìnrin kan tá a jọ ń pín tábìlì ní Kantamanto mú mi lọ sí ìsìn ọ̀sán kan. Mo bá a lọ nítorí pé ó rẹ̀ mí, mo kàn fẹ́ jókòó síbì kan. Mo jókòó, mo sunkún títí wọ́n fi ṣe ìsìn tán, nígbà tí mo sì dìde, mo ti di ti Jésù. Bó ṣe rí nìyẹn. Mi ò rí ìran kankan.

Bàbá ò nà mí, kò sì lé mi. Ì bá sàn kó nà mí. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó gbọ́ mi dópin, ó wá ní, "Ó dáa. Láti òní lọ, omi tó o bá fọwọ́ ara ẹ bù, mi ò ní fi kan ẹnu."

Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Bàbá mi kẹ̀? Ọdún mọ́kànlá gbáko! Tí mo bá wá kí i, á dá mi lóhùn, á béèrè ọjà, á béèrè ara, á ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dìde láti lọ bu omi, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, kí òógùn máa ṣàn lọ́rùn rẹ̀ wálẹ̀, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́. Mo máa ń sunkún nínú trotro, ọkọ̀ akérò wa, tí mo bá ń padà lọ sí yàrá mi ní Kaneshie, lẹ́yìn náà màá bínú pé mo sunkún.

Àsìkò tí iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀, èyí tí gbogbo Accra ń pè ní dọ́msọ̀, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó ń gbé páálí mílíìkì nínú ṣọ́ọ̀bù ni, ẹsẹ̀ òsì kọ̀, ó sì ṣubú. Nígbà tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ọwọ́ òsì ti kú, ẹsẹ̀ òsì ti kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sápá kan. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Agídí rẹ̀ náà pé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá láti Kumasi, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà. Ó wá ku èmi nìkan, èmi tí bàbá ò jẹ́ mu omi ọwọ́ mi. Mo kó àwọn aṣọ ọmọdé mi kúrò ní Kantamanto wá sí Darkuman, mo ta okùn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì fi wọ́n kọ́ síbẹ̀.

Oúnjẹ ò fa wàhálà. Wàákyè obìnrin kan ní ìkòríta ló ń jẹ láàárọ̀, kẹ́ńkẹ́ẹ̀ ló ń jẹ lọ́sàn-án. Omi mímu náà, ó ti wá ọgbọ́n sí i. Píọ́ wọ́tà nìkan ló ń mu, omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú títì. Eyín ló fi ń já a fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ yẹn, ìdajì á sì dà sí i láyà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín já a."

Ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu eléyìí. Ẹ̀rọ ló bù ú."

Ohun tó wá ká a lára jù ni àlùwàlá, torí kò lè dá a ṣe mọ́. Ọwọ́ kan ò lè gbé búta, ìyẹn kẹ́tù oníke tí wọ́n fi ń da omi sára, kó tún máa wẹ ara rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, kò kírun. Ó kàn dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kẹrin, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó pè mí. "Gbé búta wá," ó ní.

Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀. Àlùwàlá ò lè pé kéèyàn má fi omi ṣan ẹnu. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sáré bu omi, mo gbé ọpọ́n sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́. Ṣé ẹ rí i, ní ìjọ wa, a kì í fọwọ́ kan nǹkan lásán. À ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, sórí trotro kó tó gbéra, sórí bélì kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ já okùn rẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára débi pé ẹnu mi máa ń sọ ọ́ kí n tó rò ó. Mo na ọwọ́ sórí búta, mo sì gbọ́ ohùn ara mi: "Mo sọ omi yìí di mímọ́ ní orúkọ Jésù."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bíi pé iná jó o. "Dà á nù," ó ní.

"Kí ló dé? Ṣé orúkọ burúkú ni?"

"Mo mọ Ànábì Ísà kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ẹ. Kò rán ẹ sí mi. Dà á nù, kó o lọ bá mi wá òkúta."

Tí Mùsùlùmí ò bá rómi, tàbí tí àìsàn ò bá jẹ́ kó lè lò ó, ó lè fi ọwọ́ kan òkúta tó mọ́, kó fi pa ojú, kó fi pa ọwọ́, kó sì kírun. Tàyámọ́mù ni wọ́n ń pè é. Dúrọ́ọ̀mù méjì ló kún fún omi lẹ́yìn ilé wa, èmi ni mo sì ń fi gálọ́ọ̀nù pọn ọ́n láti ilé kejì lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá yọ. Orí mi gbóná. Mo ju búta náà mọ́ ògiri àgbàlá, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀. Mo ní tí òkúta bá sàn ju ọmọ lọ, kí òkúta máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí òkúta máa fọ bẹ́ẹ̀dì tó bá tutù. Gbogbo ilé ló gbọ́. Obìnrin ẹ̀yà Ga tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ yọjú, ó ní, "Ei, Alata!" Ó sì yáa ti fèrèsé rẹ̀.

Mo wá lọ bá a wá òkúta. Mo mú èyí tó rí págunpàgun jù lọ lágbàlá.

Ọ̀sẹ̀ méje ni bàbá mi fi lo òkúta yẹn. Tí mo bá fi aṣọ tútù nu ún lára, kò bá mi jà. Tí mo bá pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, á ní kí Ọlọ́run san án fún mi. Àárín òun àti Ọlọ́run ni kò fẹ́ kí n dá sí. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni mò ń gbọ́ ìró àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lórí òkúta, pà, ó sì dà bíi pé etí mi ló ń gbá. Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Mo máa ń kúnlẹ̀, ẹjọ́ ni mò ń rò: Olúwa, wo ohun tí ọkùnrin yìí ń fojú mi rí. Olúwa, dójú tì í. Mo tún sọ èyí náà, ẹ má bínú. Mo rù. Aṣọ ọmọdé ò tà lójú ṣọ́ọ̀bù bó ṣe ń tà ní Kantamanto, tí ẹnì kan bá sì bi mí pé èló ni ẹ̀wù yìí, mo máa ń dáhùn bíi pé ó bú mi.

Ìyá Ìjọ wa wá bẹ̀ wá wò. Obìnrin tó fẹ́ràn mi dénú ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kí Bàbá, ó gbé ọsàn sílẹ̀ fún un, ó sì fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní ogun ni, pé ẹ̀mí kan ló wà nídìí òkúta yẹn. Ó yọ ìgò òróró kékeré kan nínú báàgì rẹ̀. "Kán an sínú dúrọ́ọ̀mù," ó ní. "Má sọ fún un. Aṣọ tó o bá rẹ sínú rẹ̀, tó o fi nu ún, Jésù á wọ̀ ọ́ lára kó tó mọ̀." Mo gba ìgò náà. Kí n má tàn yín, inú mi dùn sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó tán, ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́ wàyí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti yọ, mo lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù. Mo ṣí ìdérí, mo ṣí ìgò òróró. Fèrèsé Bàbá wà lókè orí mi. Mo gbọ́ ọ tó ń dá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹnu wíwọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ń jáde kọ́mọkọ̀mọ. Mo tẹ́tí. Àdúrà ló ń ṣe. Ó ń dárúkọ ìyá mi, ó ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dárúkọ mi. Ó ní kí Ọlọ́run fún mi lọ́kọ rere, kó ta ọjà mi fún mi, kó má jẹ̀ẹ́ kí ìyà òun pa mí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìdí dúrọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ojú tì mí. Mo bi ara mi pé, kí ni mo fẹ́ gan-an? Ṣé kí bàbá mi mọ Jésù ni àbí kó gbà pé èmi ni mo jàre? Mo wá inú ara mi títí, mi ò rí Jésù nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo rí. Mo fẹ́ borí rẹ̀. Mo fẹ́ kó tọrọ àforíjì ọdún mọ́kànlá. Àdúrà tí mo gbà lọ́jọ́ náà kò gùn, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ní, "Olúwa, gba bàbá mi lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo ni ín. Èmi, jẹ́ kí n máa pọnmi."

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ohun tó tẹ̀ lé e fún ẹni tí kò ṣe rí. Nǹkan kan tú láyà mi, wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yanjú, Bàbá ò tíì gbádùn, ọjà ò tíì tà, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo dé ìgò òróró, mo dé dúrọ́ọ̀mù, mo lọ fọ ẹrẹ̀ ara aṣọ mi. Ohùn orin jáde lẹ́nu mi níbi tí mo ti ń fọ ọ́, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mò ń kọrin.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dá òróró padà fún Ìyá Ìjọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "O fẹ́ fi bàbá ẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò fi wọ́n sílẹ̀ o, Mà. Ṣùgbọ́n Jésù tí mo mọ̀, ó fọ ẹsẹ̀ ẹni tó máa tà á, kò sì kán nǹkan kan sínú omi yẹn."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo gbé orí sókè, mo kọ orin mi.

Ọyẹ́ dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ta ṣòkòtò ọmọdé fún obìnrin kan níwájú ilé nígbà tí nǹkan jábọ́ nínú yàrá Bàbá, gbì. Mo sáré wọlé. Òkúta ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti tẹ̀ débi tó lè tẹ̀ dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń wá ilẹ̀ kiri, kò kàn án. Ó wò mí, ó sì gbójú kúrò. Ó mọ ohun tí mo lè sọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì wà lẹ́nu mi lóòótọ́, odindi ọ̀sẹ̀ méje ló ti ń dúró níbẹ̀.

Mo dá a padà sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo mú òkúta náà. Ó ti dọ̀tí, okùn aláǹtakùn wà lára rẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo sá a sóòrùn díẹ̀, mo sì gbé e padà sábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Èmi yìí o! Mo jáde lọ parí ọjà mi. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀ pé Kristẹni ni mí, kì í ṣe ọjọ́ tí mo sunkún nínú ìsìn ni màá dárúkọ. Ọjọ́ tí mo fi ọṣẹ fọ òkúta ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alfa tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá wá kí i kí wọ́n tó kírun Àlàásárì. Ó mú bàbá kan lẹ́yìn, télọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa. Wọ́n jókòó. Alfa kí mi dáadáa. Ó ní, "Ọmọ wa, o ti gbìyànjú. Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ṣùgbọ́n kò dáa kí bàbá ẹ máa lo òkúta nílé tí omi wà. Bàbá yìí á máa wá ṣe àlùwàlá fún wọn, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Kó o lè sinmi."

Ní oṣù méjì ṣáájú, ǹ bá ti lé wọn jáde. Mo wo inú ara mi bóyá ìbínú wà níbẹ̀, kò sí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Alfa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo lọ bu omi sínú búta, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ yẹn, mo gbé ọpọ́n wá, mo sì fi méjèèjì síwájú télọ̀. Mo yí padà kí n máa lọ.

Bàbá ti ń wò mí látìgbà tí Alfa ti ń sọ̀rọ̀. Ariwo ló ń retí. "Ó ti rẹ̀ ọ́ ni?" ó ní.

"Kò rẹ̀ mí, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó o fi gbé búta fún un?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ ni àlùwàlá. Èmi kọ́ ni mo ni ín."

Télọ̀ ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń wo Alfa, Alfa ń wo Bàbá. Bàbá wá kọjú sí télọ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi gbé e fún ọmọ mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé mọ́ àdúrà, inú ni mo ti gbà á, ti ara mi nìkan ni: kí n má da omi nù. Mo da omi sí i lọ́wọ́, ó fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fi ọwọ́ mi bá a fọ òsì tó ti kú. Ó ku ẹnu. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo da omi sí i. Ó gbé e lọ sẹ́nu, ó fi ṣan ẹnu, ó tu ú sínú ọpọ́n. Mo da ìkejì, ó tu ìyẹn náà. Mo da ìkẹta. Ó gbà á sẹ́nu, ó dì í mú síbẹ̀, ó ń wo ojú mi. Alfa na ọpọ́n sí i.

Bàbá ò tu ú. Ó gbé e mì.

"Da omi sí i," ó ní. "Ó ku imú."